Ìbí Dúhà Ṣojú Mi

Àlàmísì, ọjọ́ 5 oṣù kẹta, 2009

Dókítà Háyítámù tó ń tọ́jú ẹṣin wa ló fún mi ní ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ ohun tí Rímù ń jẹ sí i àti bí ara rẹ̀ ṣe rí, títí di ọjọ́ ìdíje ẹwà ẹṣin ní Damásíkù. Ó ní nínú ilé yìí, èmi nìkan ló mọ̀wé tó sì ní sùúrù. Nawáàfù àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, sùúrù kẹ̀? Ẹ ò tíì mọ Ẹ̀gbọ́n Fíddà nìyẹn."

Ọkà báálì, abọ́ méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Dátè méje. Wàrà kíkan, ife kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ mọ́.

Ó mú ìwé òfin wá pẹ̀lú. Ẹṣin gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, kó gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì fi irun rẹ̀ wé ti ìyá rẹ̀. Ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí tí Nawáàfù fẹ́ ni ti àwọn abo ẹṣin aṣálẹ̀, àwọn tí a mọ ìran ìyá wọn kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó dé ilẹ̀ yìí. Fún ìyẹn, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ búra lórí ìyá àgbà tí ìran náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìbí náà ṣojú rẹ̀. Ìyá àgbà ti Rímù ni Dúhà. Bàbá wa tó búra nígbà ìforúkọsílẹ̀ ti kú láti ọdún kejì. Ó ku èmi.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Sátidé, ọjọ́ 7

Dókítà fa irun tìdítìdí lára gọ̀gọ̀ Rímù, ó kó o sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó kọjá lọ́dọ̀ Dúhà, ó fọwọ́ pa á létí, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ ṣì wà pẹ̀lú wa?" Dúhà kò ní eyín tó lè lọ koríko mọ́. Mo máa ń rẹ báálì tirẹ̀ sómi. Ọgbọ̀n ọdún ló pé, ẹgbẹ́ Nawáàfù ni, ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dé ilé yìí.

Òjò kò rọ̀ títí di òní. Àpò báálì kan ti kúrò ní ẹgbẹ̀ta lírà, ó ti di ẹgbẹ̀rún. Àgùntàn mẹ́rìnlá tó kù, Nawáàfù ti kó wọn lọ sọ́jà ní Hámà. Ọkùnrin ará Kuwéètì kan ti sọ fún un pé bí Rímù bá wọ ìsọ̀rí aṣálẹ̀, òun yóò san owó sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta tí yóò bí. Owó yẹn lè gbé wa la ọ̀dá yìí já. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a óò palẹ̀ mọ́, a óò lọ máa ká tòmátì fún olówó ní Dáràà, inú àgọ́ ọ̀rá, bíi ti àwọn ará ìlà oòrùn tí ọ̀dá ti lé kúrò nílé.

Àtàlátà, ọjọ́ 10

Láàárọ̀ yìí, bí mo ti ń da omi sínú ọpọ́n, mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe yíyán gidi. Ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni, èyí tí abo ẹṣin fi ń pe ọmọ rẹ̀ tuntun.

Mo bi Ámíṣà ìyàwó Nawáàfù bóyá Rímù ló ń kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, Rímù kẹ̀? Ẹnu rẹ̀ kún fún oúnjẹ."

"Dúhà ńkọ́?"

"Dúhà ń sùn lóòró. Ṣé kò rẹ̀ yín ni? Ẹ lọ jókòó, kí n pọn omi yòókù."

Mo ti mọ ohùn náà. Ọdọọdún ni, nígbà tí ewéko bá fẹ́ hù. Ọdún yìí ewéko kò hù, mo rò pé kò ní wá.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 13

Mo ká Nawáàfù mọ́ ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú abẹ ìfárí àti ìgò òróró ólífì. Ó fẹ́ fá irun ojú Rímù, kó sì fi òróró kun imú rẹ̀ kó lè máa dán níwájú àwọn adájọ́. Mo ṣí ìwé òfin, mo kà á sókè fún un. Kò gbọdọ̀ sí abẹ ní ìpéǹpéjú, kò gbọdọ̀ sí òróró lójú, kò gbọdọ̀ sí ata ilẹ̀ ní ibi tí n kò ní kọ síbí. Bí wọ́n bá fi aṣọ funfun nù ún, tí aṣọ náà dọ̀tí, wọn á lé e jáde.

"Ata ilẹ̀? Kí ni wọ́n ń fi ata ilẹ̀ ṣe?"

"Kí ìrù rẹ̀ lè dúró sókè."

Ó ronú díẹ̀. "Ìrù tiẹ̀ dúró láìfata."

"Ó dáa, fi ojú tiẹ̀ náà sílẹ̀ láìfá. Àwọn tó ṣe òfin yìí mọ irú yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìgò òróró padà fún Ámíṣà, ẹni tó ti ń wá a láti àná. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bó bá ń rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí náà ni n kò fi tíì lè sọ nǹkan kan.

Àlàrùbá, ọjọ́ 18

Ìjì erùpẹ̀. A kò rí ojú ara wa. Rímù kò jẹ dátè rẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ 21

Mo ṣí àpótí Bàbá láti wá ìwé ẹ̀rí àtijọ́, èyí tí òun àti Bàbá Míjíwàlì ọ̀rẹ́ rẹ̀ búra sí. Ìwé náà wà níbẹ̀, èdìdì méjèèjì ṣì pọ́n. Lábẹ́ rẹ̀ ni aṣọ dúdú kan wà tí a fi okùn dì. Mo tú u.

Awọ ni. Ó ti gbẹ gan-an, ó ti ká kò, ṣùgbọ́n irun pupa rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àti àmì funfun kékeré tó yẹ kó wà níwájú orí. Ihò méjèèjì tí mo dá sí i láti fi okùn bọ̀ ọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ awọ yìí nù. Mo jókòó sílẹ̀ yàrá náà títí Ámíṣà fi pè mí jẹun.

Àìkú, ọjọ́ 22

N óò kọ ọ́ síbí, nítorí ẹnu mi kò gbà á.

Ọdún yìnyín ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá ti kó ràkúnmí lọ sí gúúsù, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gun Ṣámà abo ẹṣin rẹ̀, oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹwàá. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Ọjọ́ kejì, ọmọ kò wá, ìyá kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Agbẹ̀bí wà ní abúlé kejì. Mo gun Ṣámà. Mo fi eré lé e nínú yìnyín títí mo fi dé ibẹ̀, mo sì gbé agbẹ̀bí sẹ́yìn mi bọ̀. Wọ́n bí Nawáàfù kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo mú Ṣámà lọ mu omi ní kànga Ríjìmù. Ibẹ̀ ló ti dùbúlẹ̀, ó sì bí òkú ọmọ. Mo gbé e kúrò kí Ṣámà tó yíjú dáadáa, mo gbé e sẹ́yìn òkúta, mo sì fi ọ̀bẹ àgùntàn bó o, nítorí ẹ̀rù Bàbá ń bà mí, ohun kan ṣoṣo ló sì wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí ọmọ ràkúnmí bá kú, ṣebí awọ rẹ̀ ni àwọn ìyá wa máa ń gbé síwájú ìyá rẹ̀ kí wàrà má bàa gbẹ.

Ọkùnrin onígi kan dúró sí abúlé wa lọ́sẹ̀ yẹn. Abo ẹṣin tó ń fa ọmọlanke rẹ̀ ti kú sínú òtútù, ó fi ọmọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Abọ́ àlìkámà kan ni mo fi gbà á. Mo so awọ náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Ṣámà gbóòórùn rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jẹ́ kó mu ọmú. Ọjọ́ kẹrin mo yọ awọ náà, mo jù ú sí ìsàlẹ̀ ihò àpáta tí a ń kó koríko sí.

Bàbá dé. Ó rí ọmọkùnrin lọ́wọ́ ìyá wa, ó rí ọmọ abo ẹṣin lábẹ́ Ṣámà, ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló sọ ọ́ ní Dúhà.

Ṣámà tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ lọ pọnmi, yóò dojú kọ ọ̀nà kànga, yóò máa pè. Títí ó fi kú.

Ọdún kẹwàá ni àwọn ìgbìmọ̀ wá láti forúkọ àwọn ẹṣin sílẹ̀. Bàbá dúró níwájú wọn, ó yíjú sí mi. "Fíddà, ṣé ìbí Dúhà ṣojú ẹ?" Mo ní, "Ó ṣojú mi." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi Ọlọ́run búra lórí ọ̀rọ̀ mi. Kí oṣù náà tó parí, ọwọ́ ọ̀tún yẹn kú. Kò fi gbé ife kọfí mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Èmi ni mo ń gbé e fún un.

Àlàmísì, ọjọ́ 26

Èsì irun dé. Rímù bá ìyá rẹ̀ mu, ìyá rẹ̀ bá Dúhà mu. Kò sí àbàwọ́n kankan. Nawáàfù gbé Ámíṣà yípo nínú àgbàlá títí ó fi ń pariwo pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Irun kò lè kọjá Dúhà. Ṣámà ti kú kí wọ́n tó máa fa irun.

Àlàmísì, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Míjíwàlì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ṣì ń da kọfí rẹ̀, ìka rẹ̀ létí ife.

"Ọmọ Jádáànù," ó ní, "o rìn bí ẹni tó ru ẹrù."

"Ọ̀rọ̀ ìbúra ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Àbúrò ẹ ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti mu kọfí mi tán." Ó gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀. "Bàbá ẹ wá síbí lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ kú. Ó ní òun kó koríko dé ìsàlẹ̀ ihò àpáta, òun rí nǹkan. Mo bi í kí ni. Ó ní, 'Ọmọdé ló ṣe é, Míjíwàlì, ilé mi ló sì ṣe é fún.' N kò bi í mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ta ló tún rí Jádáànù kó ta abo kan nínú ìran Dúhà?"

Lóòótọ́, kò tà wọ́n. Àwọn oníbàárà wá láti Halébù, láti Bàgídáàdì, ó fún wọn lóúnjẹ, ó sì lé wọn. Gbogbo wa rò pé ìgbéraga ni. Ìyá wa bú u títí lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

"Bàbá, ṣé ẹ óò tẹ̀ka?"

"Mo ti di afọ́jú. Ojú ẹ ni n óò fi búra. Bí o bá sọ níwájú mi pé ó ṣojú ẹ, n óò tẹ̀ka, n kò ní béèrè ohun kan."

Ì bá sàn kó lé mi jáde.

Àìkú, ọjọ́ 12

Rímù kò gbà láti kọjá níwájú yàrá tí àpótí náà wà. Ó ń fọn imú, ó ń sún sẹ́yìn. Nawáàfù ní ejò ló wà níbẹ̀, ó fi ọ̀pá wá gbogbo ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Kò rí ejò.

Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì lónìí.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 17

Mo pe Nawáàfù lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Mo gbé awọ náà lé e lẹ́sẹ̀.

"Kí lèyí? Awọ ewúrẹ́?"

Mo sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò wo ojú mi. Ó ń fi àtàǹpàkò pa àmì funfun orí awọ náà, ó ń pa á, bí ẹni pé ó fẹ́ nù ún kúrò.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi, ìwọ, àti àwọn tó ti kú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Irun ti bára mu. Ìwé mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù, Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì ti sọ ọ́ rí."

"Mo sọ ọ́, ọwọ́ Bàbá sì kú."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọwọ́ Bàbá. Dókítà sọ ọ́ níwájú gbogbo wa."

"Bàbá mọ̀, Nawáàfù. Òun ló fi awọ yìí sínú àpótí. Ìdí tí kò fi tà wọ́n nìyẹn."

Ó dìde. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ì bá sàn kó pariwo mọ́ mi. "Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọjọ́ kan, ẹ parọ́ nítorí mi. Ní báyìí tí mo ti bí ọmọ mẹ́ta, ẹ ò lè pa á mọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Ó jáde lọ. Mo ṣì ń wá èsì fún un bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Àlàrùbá, ọjọ́ 22

Báálì, abọ́ méjì. Dátè méje. Nawáàfù ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ àfi èmi. Ámíṣà gbé oúnjẹ fún mi, ó ní, "Kí lẹ ṣe fún un?" Mo ní, "Mo bá wọn bí i." Ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Ajé, ọjọ́ 27

Ilé Bàbá Míjíwàlì ni wọ́n ti ṣe ìbúra náà. Akọ̀wé ìdíje wá láti Damásíkù pẹ̀lú páádì yíǹkì pupa. Dókítà wà níbẹ̀, àti àgbà mẹ́fà. Wọ́n so Rímù mọ́ òpó lẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ó lẹ́wà débi pé akọ̀wé náà gbàgbé láti jókòó.

Wọ́n ti ti ìka Bàbá Míjíwàlì bọ yíǹkì. Ó gbé e sókè, ó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí apá ibi tí mo wà. "Fíddà ọmọ Jádáànù, ṣé ìbí Dúhà ṣojú ẹ, láti inú Ṣámà bọ́ sórí ilẹ̀?"

Mo wo Nawáàfù. Ó di okùn Rímù mú, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, a óò máa gbé ilé wa nìṣó. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìwé yìí mọ̀ pé mo ti la ẹnu.

Mo ní, "Kò ṣojú mi. Èyí tó ṣojú mi, òkú ni." Mo yọ awọ náà jáde lábẹ́ aṣọ mi, mo tẹ́ ẹ sí àárín ilé.

Akọ̀wé náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá, irun ti bára mu. Òfin kò béèrè awọ. Ẹ kàn sọ gbólóhùn yẹn."

"Pa ìwé ẹ dé, ọmọ mi," Bàbá Míjíwàlì wí. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìka rẹ̀, ó nù ún títí kò fi sí pupa kankan mọ́. Nawáàfù tú Rímù, ó fà á lọ. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìdúró dè mí.

Bàbá Míjíwàlì da kọfí sínú ife, ó nà án sí mi. "Ọgbọ̀n ọdún lo fi rin ọ̀nà yìí. Mu ún kó tó tutù."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé.

Sátidé, ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti lọ sí Damásíkù, wọ́n sì ti dé. Nawáàfù mú Rímù wọ ìsọ̀rí gbogbogbò, níbi tí irun nìkan ti tó. Ó ṣe ipò kẹfà. Ámíṣà ló sọ fún mi. Ó ní ọkùnrin ará Kuwéètì náà wá bá wọn lẹ́yìn ìdíje, ó béèrè ìran ìyá rẹ̀, ó sì ní ti aṣálẹ̀ tí òun ń gbọ́ ńkọ́.

"Nawáàfù wò ó lójú," Ámíṣà wí. "Ó ní, 'Ẹṣin onígi ni. Òtútù pa á lójú ọ̀nà.' Ọkùnrin náà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bínú lọ."

Ní ìparí oṣù yìí a óò lọ sí Dáràà. Dókítà yóò gba Rímù sọ́dọ̀ títí òjò yóò fi rọ̀. Nawáàfù kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 15

Bí oòrùn ti ń rọ̀, Nawáàfù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó ní, "Ọ̀nà wo lẹ gbà lọ́jọ́ náà?"

Mo mú awọ náà, mo ṣíwájú. Ó gbé ṣọ́bìrì dání. Dúhà tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wa díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó pè é. Kànga Ríjìmù ti gbẹ láti ọdún kẹta, òkúta tí mo fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nawáàfù gbẹ́lẹ̀. Kó tó gbé awọ náà sínú ihò, Dúhà na ọrùn, ó gbé imú lé e, ó mí kanlẹ̀, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́. A dúró dè é.

Nawáàfù da erùpẹ̀ lé e. Ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀, láti apá ibi tí omi máa ń wà tẹ́lẹ̀. N kò gbé orí sókè, ó ti mọ́ mi lára. Dúhà ni mo ń wò. Ẹnu rẹ̀ kò mì.

Ṣọ́bìrì dákẹ́. Nawáàfù ti yíjú sí ọ̀nà kànga, ó ti gbé ọwọ́ sókè kí n má ṣe mira.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ta ló ń pè yẹn?"

Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ṣámà ni."

Ó tẹ́tí sí i. "Láti ìgbà wo ló ti ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ọjọ́ orí ẹ ni."